Mo Lọ Wo Iwájú Ìwé ní Kùmásí

Ẹ ti kí mi kú àbọ̀ tán, ẹ sì ti jẹ búrẹ́dì tí mo gbé bọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹnìkan nínú yín tó jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé ìparí. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan á ní, "Ìyá, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń gún ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀?" Ọ̀rọ̀ á yà sí oúnjẹ nìyẹn. Mo wá ra ìwé ìkọ̀wé kan, mo gbé àpótí ìjókòó mi lọ sẹ́yìn ilé, mo ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Kíláàsì mẹ́rin péré ni mo kà ní Kùmásí kí ìjọba Ghana tó ní kí àwọn àlejò máa lọ sílé wọn. Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ mọ ibi tó ti wá.

Ohun tó gbé mi kúrò nílé

Gbogbo agboolé wa ló mọ ìwé náà. Ìwé kékeré ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kùmásí ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, láyé ìgbà tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ṣì ń fi ẹsẹ̀ rìn dé ọ̀hún pẹ̀lú ẹrù lórí. Ó ń sọ bí wọ́n ṣe rin ìrìn náà, ó sì ń kọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn bí yóò ṣe rìn ín. Nínú ilé wa, kò sí ẹni tó tẹ ìwé ṣáájú rẹ̀.

Èyí tó kù nílé, ikán ti jẹ iwájú rẹ̀ àti àárín rẹ̀. Orúkọ àwọn ìlú ojú ọ̀nà nìkan ló ṣẹ́ kù lẹ́yìn, inú àpótí Baálé ló sì máa ń wà. Gbogbo ènìyàn gbà pé Bàbá Jeremáyà, àbúrò bàbá mi, ló kọ ọ́. Òun nìkan ló mọ̀wé nínú àwọn tó jọ rìn. Ta ni ìbá tún jẹ́?

Ìyá mi nìkan ni kò gbà. Àtàǹpàkò ló máa ń tẹ̀ bí wọ́n bá ní kó buwọ́ lùwé. Síbẹ̀, títí tó fi kú, bí wọ́n bá ti dárúkọ ìwé náà, yóò ní, "Ẹnu mi ló wà níbẹ̀." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti bá wọn rẹ́rìn-ín rí, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Bó bá ń dín àkàrà láàárọ̀, ó máa ń sọ ọ̀rọ̀ inú ìwé náà sórí epo: "Bí o bá dé odò ńlá, má bá atukọ̀ jà. Ẹni tó máa gbé ọ sọdá ni ọba rẹ, títí ẹsẹ̀ rẹ yóò fi kan ilẹ̀." Mo rò pé ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kà á ni.

Lọ́dún yìí, àwọn ọmọ ilé ní àwọn yóò tún ìwé náà tẹ̀, kí wọ́n sì lẹ fọ́tò Bàbá Jeremáyà mọ́ iwájú rẹ̀. Mo dìde nínú ìpàdé, mo ní kí wọ́n dúró ná.

Baálé wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Àdùkẹ́, ìyá rẹ tó ń tẹ àtàǹpàkò, ṣé òun ló tún wá di òǹkọ̀wé?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo dúró kí ẹ̀rín náà tán, mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ wo iwájú rẹ̀. Bó bá jẹ́ orúkọ Bàbá Jeremáyà nìkan ló wà níbẹ̀, n kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé."

A mọ̀ pé odindi rẹ̀ kan wà ní Kùmásí, lọ́wọ́ Kwábẹ́nà, ọmọ Bàbá Jeremáyà tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Asante. Ó ti ránṣẹ́ tipẹ́ pé ìwé náà kò ní kọjá bodè, ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó wá. Wọ́n fún mi ní oṣù kan. Lẹ́yìn ìyẹn, atẹ̀wé á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Odò ńlá

N kò ní fi bodè yọ yín lẹ́nu. Ẹ̀yin náà mọ bodè. Ọjọ́ kejì la dé odò ńlá tó wà ní ilẹ̀ Ghana, èyí tí wọ́n ń pè ní Volta. Afárá gígùn ló wà lórí rẹ̀. Kí ọkọ̀ tó dúró dáadáa, àwọn obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ti rọ̀ mọ́ fèrèsé, búrẹ́dì gbígbóná tó ń rùn bí ilé ayọ̀. Ọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí bú awakọ̀ pé ó ń jókòó pẹ́ jù. Awakọ̀ náà bínú, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó bọ́ sílẹ̀, ó lọ jókòó sábẹ́ igi. Gbogbo wa jókòó sínú ooru.

Ìgbà tó pẹ́, mo yíjú sí ọkùnrin náà. "Bàbá, ẹni tó máa gbé ọ sọdá ni ọba rẹ."

Ó ní, "Ìyá, ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Ìyá mi ni." Àsìkò àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ ọ́ báyìí láìfi ìwé kún un.

Ó rẹ́rìn-ín, ó bọ́ sílẹ̀, ó lọ bẹ awakọ̀. Kì í ṣe ọ̀nà ibẹ̀ ni ìyá mi gbà. Òkè ọ̀hún ni wọ́n gbà, ibi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi sọdá. Àmọ́ odò kan náà ni. Mo wo omi náà títí a fi kọjá.

Adum

Ọ̀sán la wọ Kùmásí. Adum ni wọ́n já wa sí, ibi tí ilé ìtajà àti báńkì fara kan ara wọn. Mo ti rò pé màá mọ ibẹ̀, ọmọdé ni mo ti kúrò níbẹ̀ lóòótọ́. N kò mọ nǹkan kan, àfi òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun àti bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn. Ẹni tí n kò rí rí ni yóò ní, "Akwaaba," káàbọ̀ nìyẹn, bí ẹni pé ìyàwó rẹ̀ ti ń retí mi láti àná.

Mo fẹ́ wẹ ojú ọ̀nà kúrò lára kí n tó dé ilé onílé, ni mo bá dúró níwájú obìnrin kan tó ń ta ọṣẹ. Ọṣẹ dúdú wa ni, èyí tí a fi eérú ṣe, ó dì í sínú ọ̀rá. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń pè é.

"Alata samina," ó ní.

Samina ni ọṣẹ. Alata ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Ọṣẹ àwọn Yorùbá! Wọ́n ní kí a máa lọ, a lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi orúkọ wa wẹ̀ láràárọ̀. Mo sọ fún obìnrin náà pé Alata ni mí. Ó gbá ọwọ́ mi mú, ó pe ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, "Ẹ wá wo ẹni tó ni ọṣẹ!" Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó fi ọṣẹ kékeré kan ta mí lọ́rẹ. Mo ṣì ní i. N kò ní fi wẹ̀.

Omi, lẹ́yìn náà iṣẹ́ tó gbé mi wá

Dichemso ni Kwábẹ́nà ń gbé, àdúgbò tí ṣọ́ọ̀bù kékeré wà níwájú ilé gbogbo. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ó ga, ó sì ní imú bàbá mi gan-an. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ìyàwó rẹ̀ ni Akosua, ará Asante, obìnrin tó sanra dáadáa tó sì máa ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tó parí. Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ó sì ń fi Twi, èdè wọn, dí ihò tó kù.

Wọ́n fún mi ní ìjókòó. Wọ́n fún mi ní omi. Mo mu ún tán. Kwábẹ́nà gbọ́wọ́ lé orókún, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ɛha deɛ, bɔkɔɔ. Àlàáfíà la wà níbí. Amanneɛ?"

Mo ní, "Àlàáfíà ni."

Àwọn méjèèjì ń wò mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí wo àjà.

"Ẹ̀gbọ́n," ó tún ní jẹ́jẹ́, "níbí, ẹni tó bá mu omi tán, ó gbọ́dọ̀ sọ amanneɛ, iṣẹ́ tó gbé e wá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ò lè se oúnjẹ."

Ẹ gbọ́ mi! Nílé wa, àlejò tó bá jókòó tó sọ ohun tó wá ṣe lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó yẹ kó jẹun, kó sùn, kó kí gbogbo ilé, kó tó wá fẹnu kan ọ̀rọ̀. Mo ti pinnu láti dúró di ọjọ́ kẹta. Ojú tì mí láti sọ ọ́ báyìí, bí ẹni tó ń já nǹkan gbà. Ṣùgbọ́n ebi ń pa mí, mo ní, "Mo wá wo ìwé Bàbá Jeremáyà. Mo fẹ́ wo iwájú rẹ̀, kí n mọ ẹni tó ni ín."

"Yoo!" ni Akosua wí, ó dìde lọ sídìí iná. Ọ̀rọ̀ ti tán lójú tirẹ̀.

Lóòótọ́ ni o, wọ́n ń gún ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n ń pè é ní fufu, kì í ṣe irú tiwa tó ń kan. Ó ń yọ̀, ó rọ̀, inú ọbẹ̀ ẹran ewúrẹ́ tó ta dáadáa ni wọ́n gbé e sí. Wọ́n tún se ewé kókò bí ẹ̀fọ́. Ewé tí àwa fi ń wé nǹkan ni wọ́n ń jẹ, ó sì dùn! Mo ro gbogbo ọdún tí mo ti ń ju ewé kókò nù, mo kàn mi orí.

Inú agolo bisikíìtì

Lọ́jọ́ kejì, Kwábẹ́nà gbé agolo bisikíìtì kan wá. Inú rẹ̀ ni aṣọ funfun wà, inú aṣọ náà ni ìwé wà. Ó fọ ọwọ́ kó tó ṣí i. Mo wọ awò ojú mi.

Iwájú rẹ̀ pé. Lẹ́tà ńlá ni. Mo lè kà á fúnra mi: Ìwé Ọ̀nà Kùmásí. Lábẹ́ rẹ̀: Jeremáyà Àjàó, akọ̀wé.

Kò sí orúkọ mìíràn. Mo wo ẹ̀yìn páálí náà, kò sí. Mo ti gun ọkọ̀ fún ọjọ́ méjì kí n lè rí òfo. Mo ro ìyá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ epo gbígbóná, mo ro ẹ̀rín wọn nínú ìpàdé. Mo ní kó tì í.

Ó ti ń ká aṣọ náà bò ó nígbà tí Akosua ní, "Kwabena, ìyá yìí wá láti ọ̀nà jíjìn. Kà á fún un."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí kà, bí tíṣà, ó ń na ìka sókè: "Ọjọ́ tí a jáde nílé, Adúmáadán ló ṣíwájú. Eyínfúnjowó tẹ̀lé e, ó ń kọrin. À ń lọ bá ẹni tí à ń lọ bá, oorun kò sì kun ojú mi."

Ó dúró, ó fẹ́ là mí lóye. "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ènìyàn ńlá nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni Adúmáadán àti Ọ̀gbẹ́ni Eyínfúnjowó. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń wá ìdílé wọn. Mo ti kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti wá wọn dé Moshie Zongo, àdúgbò àwọn àlejò. Ó jọ pé ìran wọn ti run."

Mo ní, "Máa kà á lọ."

"Ní ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ Jẹ́ńtú wú. Mo gbé àpótí ìwé rẹ̀ lé orí ẹrù mi, mo ní kó di etí aṣọ mi mú. Ó ń sunkún. Mo sọ fún un pé ọmọkùnrin tó mọ̀wé kì í sunkún lójú ọ̀nà, kó máa ka àwọn igi."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu mi. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú mi. Kwábẹ́nà gbé ìwé náà sórí tábìlì. Ó rò pé nǹkan ti ṣe mí.

Ẹ̀yin obìnrin tó ń ka èyí nílé, ẹ̀yin ti mọ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin ni màá sọ ọ́ fún. Ìyàwó tó bá wọlé ọkọ kì í dárúkọ àwọn tó bá nílé. Yóò wo ẹni náà dáadáa, yóò sì sọ ọ́ ní orúkọ tirẹ̀: èyí tó dúdú tó ń dán, èyí tí eyín rẹ̀ funfun ju owó lọ, èyí tó ń ṣe jẹ́jẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ orúkọ mẹ́ta yìí lẹ́nu ìyá mi. Adúmáadán ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Eyínfúnjowó ni èyí tó tẹ̀lé bàbá mi. Ẹni tí wọ́n ń lọ bá ni bàbá mi fúnra rẹ̀, tó ti ṣáájú wọn dé Kùmásí. Àwọn ọkùnrin ilé rẹ̀ ló ń mú ìyàwó rẹ̀ lọ fún un.

"Jẹ́ńtú ń kọ́?" ni Kwábẹ́nà bi mí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Jẹ́ńtú ni bàbá rẹ. Títí wọ́n fi fi ilẹ̀ bò ó, ìyá mi kò pè é ní nǹkan mìíràn. Wàyí o, bó bá jẹ́ òun ló ń sọ ìtàn náà, ta ló ń gbé àpótí rẹ̀? Etí aṣọ ta ló dì mú?"

Kwábẹ́nà wé ìwé náà, ó dá a padà sínú agolo, ó dé e. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ kọjá bodè mẹ́ta kí ẹ lè wá gba orúkọ bàbá mi lọ́wọ́ mi?"

Akosua kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ata pọ̀ lọ́bẹ̀ alẹ́.

Moshie Zongo

Kwábẹ́nà ní ẹnìkan ṣoṣo ni òun lè gbà gbọ́. Àgbà alfa kan ni, ará Ìlọrin, tí baba ńlá rẹ̀ ti wà ní Moshie Zongo kí wọ́n tó kọ́ ilé ibẹ̀ tán. A bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Alfa jókòó lórí ẹní, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Kwábẹ́nà ka ojú ewé náà fún un, kò sì sọ ohun tí mo wí. Mo mọrírì ìyẹn lára rẹ̀.

Alfa kò tíì lanu nígbà tí ẹ̀rín ti dún lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ìyàwó rẹ̀ ni, arúgbó bíi tèmi, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Jẹ́ńtú!" ó ní. "Èmi náà fi Jẹ́ńtú méjì sílẹ̀ ní Ìlọrin! Alfa, ẹ bi wọ́n pé, ìyàwó ilé ta ni?"

Alfa ní, "Ìyá Sàláwù, ọ̀rọ̀ ìwé là ń sọ."

"Ìwé kẹ̀? Alfa, àbúrò yín tó ga bí òpó, kí ni mo ń pè é?"

"Agùntáṣọọ́lò."

"Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín, ẹ ti gbọ́ orúkọ tí bàbá yín sọ ọ́ lẹ́nu mi rí?"

Alfa fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Wallahi, n kò gbọ́ ọ rí." Ó yíjú sí Kwábẹ́nà. "Tíṣà, ìwọ sọ fún mi pé ìdílé kan lò ń wá. Mo rò pé ìnagijẹ ọlọ́jà kan ni. O kò sọ pé inú ìwé ló wà báyìí. Obìnrin ló ń sọ̀rọ̀ yìí. Ìyàwó tuntun ni."

"Tíṣà, ta lo ti ń bi láti ọjọ́ yìí?" ni Ìyá Sàláwù bi í.

"Àwọn àgbà. Àwọn ọkùnrin."

"Háà, Tíṣà! Ọdún mẹ́wàá! Ẹnu ọ̀nà ìdáná lo ìbá ti kan ìlẹ̀kùn."

Kwábẹ́nà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. A wọ tírótìró, ọkọ̀ akérò wọn, padà. Mo mọ ohun tó ń rò. Mo ní, "Kwábẹ́nà, bàbá rẹ kò purọ́. Ìyá mi kò lè kọ ọ́. Bí kò bá sí ọwọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ìbá ti bá èéfín àkàrà lọ. Ọmọdé tó ń sunkún lójú ọ̀nà ló dàgbà tó kọ ọ́ sílẹ̀, tí kò sì yọ ẹkún ara rẹ̀ kúrò. Mélòó nínú àwọn ọkùnrin wa ló lè ṣe bẹ́ẹ̀?"

Ó wo ìta fèrèsé. "Kí ló dé tí kò fi orúkọ ìyá yín sí i?"

"N kò mọ̀. Bóyá òun ló ní kó má fi sí i. Bóyá wọn kò bi í. N kò ní parọ́ mọ́ òkú."

Nígbà tí a délé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ ní Twi. Akosua gbọ́ ọ tán, ó pàtẹ́wọ́.

"Kwabena, ìyẹn ló ń dùn ọ́? Lọ́dọ̀ àwa Asante, ìyá ló ni ọmọ. Ìwé yìí ti ní bàbá tipẹ́. Òní ló rí ìyá rẹ̀. Ẹ wá jẹun."

Kwábẹ́nà jẹun. Nígbà tó tán, ó fọ ọwọ́, ó mú páálí funfun kan àti bíró. "Ẹ̀gbọ́n, kí ni orúkọ ìyá yín?"

"Àbẹ̀ní."

Ó kọ ọ́, lẹ́tà tíṣà, tó dúró ṣánṣán: Ìwé Ọ̀nà Kùmásí. Ẹnu Àbẹ̀ní ló sọ ọ́. Ọwọ́ Jeremáyà ló kọ ọ́. Ó buwọ́ lù ú. Ó wá ní kí n sọ orúkọ gidi àwọn tó kù, kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀. Mo ní rárá. Ìyá mi fi gbogbo ayé rẹ̀ bọ̀wọ̀ fún orúkọ wọnnì. Èmi kọ́ ni màá bà á jẹ́ fún un. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ wọ́n, kó bi obìnrin ilé.

Ìwé náà kò kọjá bodè. Ó ya àwòrán gbogbo ojú ewé rẹ̀ fún mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, Akosua ń di eteetí rẹ̀ mú.

Ilé

Ẹ̀yin tó wà níbi ìpàdé yẹn rí i, ṣùgbọ́n gbogbo yín kọ́ lẹ wà níbẹ̀. Mo gbé páálí Kwábẹ́nà síwájú Baálé, mo kó àwòrán ojú ewé náà fún ẹni tó ń ka lẹ́tà fún wa, mo ní kó kà á sókè. Nígbà tó dé ibi Eyínfúnjowó, àwọn ọkùnrin ń wo ara wọn. Àwọn ìyàwó ilé tó gbé omi wá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ń gbá ara wọn léjìká.

Baálé ní, "Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?"

Òǹkàwé ń bá a lọ. Ó dé ibi odò ńlá, níbi tí Adúmáadán ti sọdá, tó kó ẹrù tirẹ̀ sílẹ̀, tó tún padà sọdá lẹ́ẹ̀mejì nítorí ẹrù àwọn tó rẹ̀.

Mo ní, "Baálé, bàbá yín ni Adúmáadán."

Baálé kò tó ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Kò ní fọ́tò rẹ̀. Ó mú fìlà kúrò lórí, ó gbé e sórí orókún, ó ń wo páálí tí Kwábẹ́nà kọ. Ó wá ka orúkọ ìyá mi sókè, ó na ọwọ́ sí òǹkàwé.

"Padà sí ibi odò," ó ní. "Ibi tí ìyàwó wa ti ń sọ̀rọ̀ bàbá mi. Kà á fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i, má kánjú."